Ann Rule àti Àwọn Tí Wọ́n Pa

Nígbà tí Ann Rule wà lọ́mọdé, bàbá ìyá rẹ̀ ni ṣẹ́ríìfù, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè, ní ìlú Stanton ní ìpínlẹ̀ Michigan nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìyá àgbà ló ń se oúnjẹ àwọn tó wà ní àhámọ́. Tí Ann bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n ń rán pé kó gbé àwo oúnjẹ fún wọn láti ojú ihò ara ilẹ̀kùn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú hun nǹkan. Ọmọ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni wọ́n sì torí rẹ̀ ti obìnrin náà mọ́lé. Ann bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn àgbà léèrè pé kí ló lè mú kí ẹni tó níwà báyìí pa ènìyàn. Gbogbo ìwé tó kọ nígbà tó dàgbà, tí wọ́n lé ní 30, ìbéèrè yẹn ló bí wọn.

*

Ọjọ́ 22, oṣù October, ọdún 1931 ni wọ́n bí i ní Lowell, ní Michigan kan náà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Nínú ẹbí wọn, yàtọ̀ sí bàbá àgbà, ẹnì kan jẹ́ agbẹjọ́rò ìjọba, ẹlòmíràn sì ni wọ́n máa ń pè láti yẹ òkú wò kí wọ́n lè mọ ohun tó pa á. Ann kàwé gboyè nínú ìwé kíkọ ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ó sì fi ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá àti ìwà ọ̀daràn kún un.

Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló wù ú, ó sì wọ̀ ọ́ ní Seattle. Kò pẹ́ níbẹ̀. Kì í ríran jìnnà, wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kò yege, ó di dandan kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ó dun obìnrin náà gidigidi. Èmi tí mo ti ka àwọn ìwé rẹ̀ ń rò ó pé ká ní ojú yẹn dá ṣáká ni, ọlọ́pàá kan ì bá lé sí i ní Seattle, àwa ì bá má sì ní ìwé kankan láti kà.

*

Andy Stack kì í ṣe ènìyàn. Láti ọdún 1969 ni orúkọ yìí ti ń jáde nínú ìwé ìròyìn True Detective, lórí àwọn ìtàn ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Seattle. Ann ló ń kọ wọ́n. Àwọn olóòtú ló ní kó wá orúkọ ọkùnrin, torí lójú tiwọn, òǹkàwé wo ló máa gbà pé obìnrin mọ nǹkan kan nípa ìpànìyàn? Ó bu Stack lára orúkọ bàbá rẹ̀, Stackhouse, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ sì kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1972. Ohun tó ń kọ ló fi ń bọ́ wọn. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ẹni tó ń fi ikú ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ni irú òǹkọ̀wé báyìí. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Owó wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́. Ohun tí mo máa ń wò ni ohun tí òǹkọ̀wé ṣe kó tó gba owó ọ̀hún. Ann lọ jókòó sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ ipasẹ̀ apànìyàn, bí wọ́n ṣe ń dá iná tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ dá mọ̀, bí wọ́n ṣe ń wá bọ́ǹbù. Ó ń jókòó sí ilé ẹjọ́ láti òwúrọ̀ títí adájọ́ á fi dìde. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Seattle mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, wọ́n sì fọkàn tán an. Àpilẹ̀kọ tó kọ láyé rẹ̀ ju 1,000 lọ. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni.

*

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ọ̀fọ̀ yìí wà lára ohun tó gbé Ann lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Seattle, ní 1971, níbi tí wọ́n ti ń gba ìpè àwọn tí ayé sú. Ó yọ̀ǹda alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún wọn láìgba kọ́bọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí wọ́n ń san owó díẹ̀ fún ni wọ́n pín mọ́ ọn. Ọmọkùnrin náà lẹ́wà, ó lẹ́kọ̀ọ́, ohùn rẹ̀ tutù lórí tẹlifóònù. Ted Bundy lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn. Àwọn méjì péré ló wà nínú ilé ńlá àtijọ́ kan. Tẹlifóònù dún. Ẹni tó pè ti gbé oògùn mì. Ọ̀kan nínú wọn ní láti mú un sọ̀rọ̀ lọ, kó má jẹ́ kó sùn, kí èkejì máa wá ọ̀nà tí wọ́n á fi mọ ibi tó wà kí àwọn olùrànlọ́wọ́ lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bundy mọ iṣẹ́ yìí í ṣe. Ann kò yé sọ ọ́ títí tó fi kú pé òun fojú ara òun rí i tó ń gba ẹ̀mí là. Tí iṣẹ́ bá parí lóru, Bundy á sin ín dé ìdí ọkọ̀, á ní kó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ dáadáa, kí ohunkóhun má ṣe é lọ́nà ilé.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Òwe náà bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ṣùgbọ́n kò bá a mu tán. Ọ̀tá tí òwe ń sọ, ó kórìíra wa ni. Bundy kò kórìíra Ann. Ann fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ, bí ẹni ń ṣe sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì ń ṣe sí i. Ìkìlọ̀ tó ń ṣe fún un létí ọkọ̀, ìkìlọ̀ tòótọ́ ni. Èyí ló ń dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo ìtàn náà.

*

Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 14, oṣù July, 1974. Oòrùn yọ, èrò pọ̀ bí omi létí adágún Sammamish, nítòsí Seattle. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn ń bẹ àwọn ọ̀dọ́bìnrin pé kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun gbé ọkọ̀ ojú omi òun. Ó ní Ted lorúkọ òun. Obìnrin méjì ló sọnù níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn tó rí i sọ fún ọlọ́pàá pé Volkswagen Ìjàpá ló ń wà, àwòrán ojú rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ yà sì jáde nínú ìwé ìròyìn.

Ann wo àwòrán yẹn. Ó bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó mọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò rò pé Ted tòun ni o, òun kò tilẹ̀ rò pé ó ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà bá òun wò ó. Èsì tó padà wá ni pé ó ní ọkọ̀: Volkswagen Ìjàpá ti ọdún 1968, aláwọ̀ idẹ.

Wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì wọ àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ mìíràn. Ann nìkan kọ́ ló dárúkọ Bundy. Àwọn mìíràn tó mọ̀ ọ́n náà dárúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra láti di agbẹjọ́rò, tí kò ní àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ta ni yóò kọ́kọ́ fura sí i? Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti kó lọ sí Utah láti lọ kọ́ṣẹ́ amòfin, àwọn ọmọbìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù níbẹ̀ náà. Oṣù August 1975 ni ọlọ́pàá kan dá Ìjàpá yẹn dúró lóru ní Utah.

*

Ṣáájú ìgbà yẹn, Ann ti tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn atẹ̀wé láti kọ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tó ń sọnù yìí. Ó ń wádìí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Bí ẹnì kan bá fi èyí sínú ìwé àròsọ, a ó ní ó ti ṣàṣejù.

*

Ann kò gbà á gbọ́ bọ̀rọ̀ pé Bundy ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n mú Bundy, Ann ṣì ń bá a jẹun, wọ́n sì ń kọ lẹ́tà síra wọn nígbà tó dé ẹ̀wọ̀n. Ní 1977, Bundy sá mọ́ àwọn ọlọ́pàá Colorado lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní January 1978, ó wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Tallahassee, ní Florida, lóru, ó pa méjì nínú wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó pa ọmọ ọdún 12 kan. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ Tallahassee ní Miami ní 1979, Ann sì jókòó sáàárín àwọn oníròyìn, ó ń wo ohun tí agbẹjọ́rò ìjọba ń kó jáde níwájú adájọ́. Ibẹ̀ ni iyèméjì tó kù lọ́kàn rẹ̀ ti tán.

Ilé iṣẹ́ Norton tẹ ìwé náà, The Stranger Beside Me, jáde ní 1980. Ohun tó jẹ́ kí n ka ìwé náà sí ni pé Ann kò fi ìdúró rẹ̀ pa mọ́. Ìwé ìpànìyàn pọ̀ tí òǹkọ̀wé ti ń ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ látilẹ̀. Nínú èyí, à ń rí obìnrin tó mọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, tó mọ ìrònú ẹ̀dá, tó ti kọ nípa àìmọye apànìyàn, tó sì ń wá àwáwí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá rí i, kí la fẹ́ kí ọ̀dọ́bìnrin tó pàdé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún létí adágún rí?

Ọjọ́ 24, oṣù January, 1989 ni Florida pa Bundy lórí àga oníná. Ó ti jẹ́wọ́ pé òun pa ènìyàn 30.

*

Lẹ́yìn tí ìwé náà jáde, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé fún Ann láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ìfẹ́ Bundy ti kó sí lórí. Wọ́n ń sunkún nígbà tí wọ́n pa á. Ann ń dá wọn lóhùn pé ẹni tí wọ́n rò pé àwọn mọ̀ kò sí rárá, pé ìbòjú ni wọ́n rí, àti pé inú òun kò dùn sí ìfẹ́ tí wọ́n fi ń ṣòfò. Mo gbà pé ẹrù náà wúwo fún un. Òun ló kọ ẹwà ọkùnrin náà sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni, òun ló sì ní láti máa bá ohun tí ẹwà yẹn ṣe sí òǹkàwé jìjàkadì láti ìgbà náà lọ.

*

Ann máa ń sọ irú ìtàn tó ń wá: ọ̀daràn tó lẹ́wà, tó gbọ́n, tó lówó tàbí tó lókìkí, tí ẹnu á ya àwọn ará àdúgbò nígbà tí àṣírí rẹ̀ bá tú. Ó yé mi. Ìbéèrè ọmọdé yẹn ló ṣì ń lé kiri. Ṣùgbọ́n níbí ni mo ti bá a jà nínú ọkàn mi. Àṣàyàn bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn òkú tí apànìyàn wọn kò gbajúmọ̀ wà láìsí akọ̀tàn. Ó pẹ́ kó tó tún èyí ṣe, ó sì tún un ṣe dáadáa nígbà tó yá.

*

July 1983, ní Washington, D.C. Ann jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin àgbà nípa àwọn tó ń pa ènìyàn léraléra láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Pierce Brooks, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Los Angeles tẹ́lẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Brooks ń wá apànìyàn kan láàárín ọdún 1950 sí 1960, ilé ìkàwé ló ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń ṣí ìwé ìròyìn àwọn ìlú mìíràn lójú ewé, bóyá ó máa rí ikú tó jọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn kò sí. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Washington kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì ọlọ́pàá Utah, ti Utah kò mọ ti Colorado. Àlàfo yẹn ni Bundy ń gbà kọjá. Ní 1985, FBI dá ètò ViCAP sílẹ̀, tó ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sójú kan. Kò wọ́pọ̀ kí òǹkọ̀wé kówọ́ sí irú iṣẹ́ báyìí, mo sì kà á sí ọ̀kan lára ohun tó dára jù tó ṣe.

*

Ọjọ́ 19, oṣù May, 1983, ní Springfield, ìpínlẹ̀ Oregon. Ìyá kan, Diane Downs, wakọ̀ dé ọsibítù lóru, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà nínú ọkọ̀, ìbọn ti ba gbogbo wọn. Ìbọn ba òun náà lápá. Ó ní àjèjì kan ló dá àwọn dúró lójú ọ̀nà tó sì yìnbọn. Ọmọ kan kú. Méjì yè é, ṣùgbọ́n wọ́n fara pa gan-an.

Inú Small Sacrifices, tó jáde ní 1987, ni Ann ti sọ ìyókù. Àjèjì kankan kò sí. Ọmọbìnrin tó yè, tí kò tí ì pé ọdún mẹ́wàá, ló jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí tó sọ ẹni tó yìn wọ́n níbọn, ìyá rẹ̀ sì ń wò ó. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí Downs nínú ìwé yẹn. Ẹni tí mo máa ń rántí ni Fred Hugi, agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹ̀ẹ̀kan tó lọ wo àwọn ọmọ náà lórí ibùsùn ọsibítù ni ọkàn rẹ̀ ti dúró tì wọ́n. Nígbà tí ẹjọ́ parí, òun àti ìyàwó rẹ̀ gba àwọn méjèèjì ṣọmọ.

*

Obìnrin kan sọ fún àbúrò rẹ̀, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ olówó pínyà, pé bí nǹkan bá ṣe òun, kí ó wá Ann Rule rí, kí ó ní kó kọ ìtàn òun. Ọdún ń gorí ọdún. Ní November 1997, wọ́n pa obìnrin náà nínú ilé rẹ̀ ní Florida. Àbúrò rẹ̀ wá Ann rí. Ìwé tí Ann kọ nípa rẹ̀ jáde ní 2001, ilé ẹjọ́ sì ti dá ọkọ àtijọ́ náà lẹ́bi pé òun ló bẹ àwọn tó pa á lọ́wẹ̀. Àwọn tó ń pe iṣẹ́ yìí ní òwò òkú, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ obìnrin yìí kún ohun tí wọ́n ń rò.

*

Láti 1982 ni wọ́n ti ń rí òkú àwọn ọmọbìnrin nínú odò Green River àti àwọn igbó tó wà ní gúúsù Seattle. Púpọ̀ nínú wọn kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún. Ìwé ìròyìn ń pè wọ́n ní aṣẹ́wó àti ìsáǹsá ọmọ, ọ̀pọ̀ òǹkàwé sì ń ṣí ojú ewé mìíràn. Títì Pacific Highway South tí wọ́n ti ń gbé wọn kò jìnnà sí ilé Ann. Ó lé ní ogún ọdún tó fi ń kó àkọsílẹ̀ jọ, kò sì mọ ẹni tó máa fi parí ìwé náà.

Gary Ridgway ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkun ọkọ̀ ẹrù lọ́dà, ó sì ju 30 ọdún lọ tó fi ṣe é níbì kan náà. Kò lẹ́wà, kò gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá ti gba itọ́ ẹnu rẹ̀ ní 1987, wọ́n fi í pa mọ́. Nígbà tí ìmọ̀ DNA gòkè tó, itọ́ yẹn ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n sì mú un ní ọjọ́ 30, oṣù November, 2001. Ní 2003 ó jẹ́wọ́ pé òun pa obìnrin 48. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un, Ann sọ pé ọkùnrin náà ti wá síbi tí òun ti ń fọwọ́ sí ìwé fún àwọn òǹkàwé. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí irú rẹ̀ máa sún mọ́ ọn.

Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Nínú Green River, Running Red, tó jáde ní 2004, Ann kọ àwọn ọmọbìnrin náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá àwọn ìyá, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ. Ó kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dàgbà, ohun tó ń wù ú láti dà, ẹni tó rí i gbẹ̀yìn, aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fi àwòrán wọn síbẹ̀. Ìwé náà gùn, àwọn kan ní ó ti gùn jù, pé orúkọ ti pọ̀ jù fún òǹkàwé láti rántí. Èmi kò gbà. Ìyá wo ló fẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ ọmọ tirẹ̀ kí ìwé lè yá kà? Níbi tí orúkọ bá ti pọ̀ débi pé ó sú wa, níbẹ̀ gan-an la ti mọ ohun tí ọkùnrin kan ṣe.

*

Ní 2010, àwọn onímọ̀ méjì láti Yunifásítì Illinois, Amanda Vicary àti R. Chris Fraley, tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé obìnrin ló ń ka irú ìwé yìí jù, àti pé èyí tó bá ní ọgbọ́n tí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa fi bọ́ ni wọ́n ń yàn. Ann ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn obìnrin tó ń kọ lẹ́tà sí i ń sọ fún un pé ìwé rẹ̀ ló jẹ́ kí àwọn kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ẹni kan, tàbí kí àwọn sá kúrò nílé ọkọ tó ń lù wọ́n.

*

Ann Rule kú ní ọjọ́ 26, oṣù July, 2015, ní Burien, nítòsí Seattle. Ẹni ọdún 83 ni. Bí ẹ bá fẹ́ ka ìwé rẹ̀, ẹ má fi ti Bundy bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé mọ̀ jù. Ẹ wá Green River, Running Red, kí ẹ sì ka ìtàn àwọn ọmọbìnrin náà pátá láìfo ẹnì kankan kí ẹ tó ka ti Ridgway.